Ẹsẹ̀ Mẹ́jọ fún Sípíkà Méjì

Adúmáadán mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú làálàá ojú títì, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé, mo sì kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o ní kì í dáhùn ìkíni kí aago mẹ́wàá tó lù. Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ níbi tí o ti ń sáré, wá ibì kan jókòó sí, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó wà lórí àìsàn, ohun tó sì ń ṣe wá tẹ́lẹ̀ ti fi wá sílẹ̀, òun gan-an ni mo fẹ́ ròyìn fún ọ. Àdúrà mi ni pé kí ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ má yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, kí ẹnu rẹ má wá oúnjẹ tì, kí o gbó, kí o tọ́, kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má bà jẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Àmín.

Ara wa le. Ẹ̀yìn ń dùn mí díẹ̀díẹ̀ bó ti máa ń ṣe bí mo bá gbé pákó tó nípọn, òrùlé ṣì ń jò níbi tí mo sọ fún ọ, ìṣó sì ti wọ́n kọjá bó ṣe yẹ, àmọ́ iṣẹ́ ń wọlé. Ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè ní kí n kan ogún àga fún àwọn, mo sì ti parí mẹ́tàlá.

Ọ̀rọ̀ sitẹ́ríò ló kàn. Ìgbà tí o fi í ránṣẹ́ sí wa, pẹ̀lú sípíkà rẹ̀ méjì àti àwo orin àtijọ́ tí ìyá rẹ fẹ́ràn, inú wa dùn débi pé mi ò lè sùn ọ̀sán lọ́jọ́ náà. Mo kó gbogbo rẹ̀ ka orí kọ́bọ́ọ̀dù àwo tí mo fọwọ́ ara mi kàn lọ́dún tí a bí ọ, mo ti sípíkà kan sí kọ̀rọ̀ ọ̀tún, mo ti ìkejì sí kọ̀rọ̀ òsì, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri bí ọlọ́pàá méjì tó ti rẹ̀. Bí mo ṣe tàn án báyìí, gbogbo àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ife ń lu ife, ṣíbí ń lu abọ́, mo sì rò pé bí tayé òde òní ṣe rí nìyẹn, pé orin máa ń bá ohun èlò ilé sọ̀rọ̀ ni. Ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń kùn bí agbọ́n tó há sínú agbè. Ìyá rẹ wá ní orin náà kò pé. Ó ní òun ń gbọ́ ẹni tó ń kọrin, àmọ́ onígìtá kò sí nílé, pé bí òun bá tẹ́tí dáadáa, ó dà bí ẹni pé ilé kejì ló ti ń ta gìtá náà. Mo ní onígìtá wà níbẹ̀, mo ń gbọ́ ọ yékéyéké. Ó ní irọ́ ni mò ń pa fún òun.

Adúmáadán, mi ò sọ èyí fún ọ rí, ìjà yẹn kì í ṣe ìjà sitẹ́ríò nìkan. Ó ti tó ọdún méjì tí ìyá rẹ ti ń ṣe mí bí ẹni tí kò rí mi. Màá sọ̀rọ̀, kò ní dáhùn. Màá ní kó bá mi mú omi wá, ojú fèrèsé ni yóò máa wò. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo ní ọ̀rọ̀ mi ti sú u nìyẹn, bó ṣe máa ń rí fún àwọn kan lọ́jọ́ alẹ́ nìyẹn. Mo ti ń gbèrò láti gbé ibùsùn mi lọ sí ìsọ̀ kí n máa sùn láàárín pákó, nítorí pákó kì í fojú di èèyàn.

Ìgbà tí mo wá kọ̀wé sí ọ pé sitẹ́ríò ní àbùkù, tí o fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù, jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bá ọ wí díẹ̀. O kí mi, mo dá ọ lóhùn, mo bi ọ́ bóyá o ti jẹun, o ò dáhùn, ọ̀rọ̀ tìrẹ lo ń bá lọ. Mo ní kí o dúró kí n pe ìyá rẹ, o ò dúró. Nígbà tí ìyá rẹ dé, mo tún tẹ̀ ẹ́, o tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíni bí ẹni pé a ò tíì ríra láàárọ̀ yẹn, mo sì tún dá ọ lóhùn. Ẹ̀ẹ̀mejì lo kí mi lọ́jọ́ náà, ìwà ọmọlúwàbí ni, mo yìn ọ́, àmọ́ máa fún àgbà láyè kí òun náà sọ tẹnu rẹ̀. Ohun tí mo dì mú nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni pé kí a fi ẹsẹ̀ sí sípíkà lábẹ́, kí a fà wọ́n kúrò lára ògiri àti ní kọ̀rọ̀, kí àwa fúnra wa sì jókòó sí igun kẹta.

Ẹsẹ̀ ni o pè fún káfíńtà, o sì bá ẹni tó mọ̀ ọ́n pàdé. Lọ́jọ́ kejì ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo fi igi tó dáa gbẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́jọ, mẹ́rin fún ìkọ̀ọ̀kan, mo gbẹ́ ìbàdí fún wọn, mo fá wọn, mo fi fánìṣì kùn wọ́n, mo sì kàn wọ́n mọ́ pákó pẹlẹbẹ tí sípíkà lè jókòó lé. Ìgbà tí mo gbé wọn nàró, wọ́n ga dé àyà mi, wọ́n dúró láàárín pálọ̀ bí ewúrẹ́ méjì tó ń wá olówó wọn. Ọjọ́ tí mo parí wọn gan-an ni awakọ̀ gbé páálí kékeré tí o fi rán an dé. Rọ́bà dúdú róbótó mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù kan láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe sitẹ́ríò náà. A yí àwọn rọ́bà náà síhìn-ín, a yí wọn sọ́hùn-ún. Ìyá rẹ ní ìdérí ìgò ni, ó sì ti fi méjì dé ìgò kẹrosíìnì, mo sì gbàdúrà fún ọ lójú ẹsẹ̀ pé o rántí pé ìdérí ìgò wa ti sọnù. Èmi fi ọ̀kan sí ẹnu ọ̀nà kí ilẹ̀kùn má baà máa gbá.

Fọ́ọ̀mù náà gba ọ̀sán kan gbáko lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ ẹni tó ra ọjà, mo kọ tìrẹ, mo kọ ti ìyá rẹ àti tèmi sábẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè mọ irú ilé tí o ti jáde. Wọ́n ní ìgbà wo ni a rà á, mo ní kí wọ́n bi ọ́. Wọ́n wá ní kí n kọ ìṣòro tí mo ní. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ kò ju ìka méjì lọ, mo sì bi ara mi pé irú èèyàn wo láyé yìí ni gbogbo ìṣòro rẹ̀ gba ìka méjì. Mo fi ojú ìwé méjì kún un. Mo kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn mi, mo kọ ti òrùlé, mo kọ ti ìṣó, mo sì kọ pé ìyàwó mi kì í dá mi lóhùn mọ́, mo lẹ̀ ẹ́ pa, mo fi í ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọn ò tíì fèsì, ó ní láti jẹ́ pé wọ́n ṣì ń wá ẹni tí wọ́n máa rán wá ni. Bí wọ́n bá pè ọ́, sọ fún wọn pé èyí tó kẹ́yìn ti yanjú, kí wọ́n máa bá ti òrùlé lọ.

Nítorí pé mi ò fẹ́ kí sípíkà tún fi kọ́bọ́ọ̀dù mi ṣe yẹ̀yẹ́, mo lọ pe ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Wáyà nítorí pé kò sí ọjọ́ tí wáyà kì í yọ lápò rẹ̀. Ó dé, ó rí ẹsẹ̀ tí mo ṣe, ó ní òun ń bọ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, a sì gbọ́ tó ń wúkọ́ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó padà wọlé, ojú rẹ̀ tutù. Ó ní Bàbá, iṣẹ́ yín dára, ó kàn ga jù ni, ohùn ń gba orí yín kọjá lọ bá àwọn aláǹgbá lókè àjà. Ó ní kí n jókòó, ó wọn ìwọ̀n láti ilẹ̀ dé etí mi, ó ní ibẹ̀ ló yẹ kí ẹnu sípíkà wà. Mo mú ayùn, mo gé ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó dùn mí nítorí ìbàdí tí mo gbẹ́ fún wọn, àmọ́ mo gé wọn.

Lẹ́yìn náà ni Wáyà rí rọ́bà tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó bi mí pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dà. Márùn-ún wà nínú páálí, méjì yòókù ló bá lórí ìgò. Ó gbóòórùn wọn, ó wo ìyá rẹ, ó béèrè ọṣẹ. Ó ní ẹsẹ̀ tí ọmọ yín ń wí nìyí o. Ó fi mẹ́rin mẹ́rin tẹ́ ìdí sípíkà kọ̀ọ̀kan, láàárín òun àti pákó mi. Ó ní bí sípíkà bá ń kọrin, gbogbo ara rẹ̀ ló ń gbọ̀n, bó bá jókòó lé igi lásán, igi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́, rọ́bà ló ń gbé ìgbọ̀n náà mì kó má baà dé ara igi. Èyí yé mi dáadáa, nítorí bí mo bá fẹ́ kan ìṣó lórí tábìlì oníbàárà, mo máa ń tẹ́ àkísà sábẹ́ pákó kí ariwo má baà tú gbogbo ilé.

Ó wá fa sípíkà méjèèjì kúrò lára ògiri ní ìwọ̀n apá méjì, ó ní kọ̀rọ̀ tí mo há wọn mọ́ ló ń mú kí wọ́n máa kùn. Ó gba okùn ìwọ̀n mi, ó wọn láti ọ̀kan dé èkejì, ó tún wọn iye kan náà láti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dé ibi àga, ó fi ẹfun sàmì sílẹ̀ ní igun mẹ́ta. Mo bi í bóyá wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wa ni. Ó ní rárá, ibi tí èèyàn ti ń gbọ́ orin dáadáa nìyẹn. Ó yí ojú àwọn sípíkà sí àga bí àgbààgbà méjì tó fẹ́ bá èèyàn kan sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ó ní ayé àtijọ́ tí wọ́n gba orin yìí sílẹ̀, inú sípíkà òsì ni wọ́n fi akọrin sí, wọ́n fi onígìtá sí ti ọ̀tún, wọn ò dà wọ́n pọ̀.

Ó tàn án. Àwo kan kò gbọ̀n. Agbọ́n inú agbè ti kú. Akọrin dúró lọ́wọ́ òsì mi, mo gbọ́ ọ tó mí sínú kó tó gbé orin, mo gbọ́ ìka onígìtá tó ń fa ara okùn lọ́wọ́ ọ̀tún, àyè tó wà láàárín wọn sì mọ́ bí àgbàlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Mo dìde lọ wo ẹ̀yìn sípíkà. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Ó kan ìyá rẹ. Ó jókòó sí àga náà, ó tẹ́tí títí, ó ní ohùn akọrin mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òun dúpẹ́, àmọ́ onígìtá kò tíì ti ilé kejì dé. Inú bí mi. Mo ní Wáyà, ṣé o rí i, bó ṣe ń ṣe sí mi nìyẹn, ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni yóò ní kò sí. Ìyá rẹ dìde, ó fẹ́ máa lọ. Wáyà bẹ̀ ẹ́ kó jókòó, ó sì yí àga náà padà kó kẹ̀yìn sí sípíkà. Ó tún gbé orin kan náà sí i. Ìyá rẹ tẹ́tí, ó ní hẹn-ẹn, onígìtá ti dé, àmọ́ ibo lẹ lé akọrin lọ.

Wáyà pa ẹ̀rọ náà. Ó lọ dúró sí ọ̀tún ìyá rẹ, ó fi ìka méjì ra ara wọn létí rẹ̀. Ògiri ni ìyá rẹ ń wò. Ó bọ́ sí òsì, ó tún ra ìka. Ìyá rẹ bi í pé kí ló ń rà bẹ́ẹ̀. Wáyà wá wo ojú mi, ó ní Bàbá, sípíkà kọ́ ló ní àbùkù.

Etí ọ̀tún ìyá rẹ ni kò gbọ́ràn. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni àga mi wà ní pálọ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni mo ń jókòó sí bí a bá ń jẹun, ìwọ náà sì mọ̀ pé ohùn mi kì í lọ sókè. Ọdún méjì ni mo fi ń bá etí tí kò gbọ́ sọ̀rọ̀, tí mo ń bínú pé kò dáhùn.

Ilẹ̀ mọ́, a lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì fi iná tẹ́ẹ́rẹ́ wo inú etí náà, ó ní ó ti dí bí ojú gọ́tà, ó fún wa ní òróró kan kí a máa kán sí i, kí a padà wá lọ́jọ́ kẹrin. Bí a ṣe ń lọ sílé ni ìyá rẹ sọ pé ó ti pẹ́ tí òun ti mọ̀ pé etí náà wúwo, òun rò pé ọjọ́ ogbó ni, òun kò fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní adití. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní ta ni òun fẹ́ sọ fún, ṣé ẹni tí kì í bá òun sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹnu ń yún mi láti jiyàn, àmọ́ mo gbé e mì. Ọjọ́ mẹ́rin yẹn gùn, mi ò kan àga kan ṣoṣo, ẹ̀rù ń bà mí pé kó má lọ jẹ́ ohun tí òróró kò lè wò sàn.

Lọ́jọ́ kẹrin, nọ́ọ̀sì fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ etí náà. Ohun tó jáde le bí ekùrọ́, ìgbà tó sì fi àlùmúgàjí kékeré là á, òwú ló wà láàárín rẹ̀. Ìyá rẹ wò ó, ó dá a mọ̀. Òwú tó máa ń kì bọ etí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ ìfági tó ń pariwo ni, ó yọ ti òsì, ó gbàgbé ti ọ̀tún. Nọ́ọ̀sì béèrè pé ta ló ni ẹ̀rọ náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè àjà wọn, wọ́n sì kàn án dáadáa. Nọ́ọ̀sì ní inú etí náà pé pérépéré, kí ìyá rẹ má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ mọ́.

Kí a tó dé ilé, ó ti ní kí n máa gbé ẹsẹ̀ mi sókè, pé sálúbàtà mi ń pariwo. Ó dé pálọ̀, ó bi mí ìgbà tí mo ra aago ara ògiri, aago tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Ó jókòó sí àga igun kẹta, ó gbọ́ àwo orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọwọ́ rẹ̀ ń lu orúnkún rẹ̀ jẹ́jẹ́. Onígìtá ti wọlé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo jẹun tán, mo ti abọ́ síwájú, mo sọ ohun tí mo máa ń sọ, bí mo ṣe máa ń sọ ọ́, pé o ṣé o, ìyá wọn, ọwọ́ rẹ kò ní rọ. Ó ti gbé abọ́ dé ẹnu ọ̀nà ìdáná, ó dúró. Ó ní kí lẹ wí. Mo tún un sọ. Ó ní ìgbà wo lẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Mo ní mi ò fi í sílẹ̀ rí, kò sí ọjọ́ kan tí mo jẹ oúnjẹ rẹ̀ tí mi ò sọ ọ́. Ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó jókòó, ó fi etí ìró nujú. Ó ní ọdún méjì ni òun ti ń kó abọ́ kúrò níwájú mi bí ẹni tó ń gbọ́únjẹ fún aláìmoore, pé òun ti gbà pé òun ti sú mi. Ìgbà yẹn ló jẹ́wọ́ fún mi pé òun ti ní kí o ra ibùsùn kejì sí yàrá rẹ, pé kì í ṣe pé òun fẹ́ wá kí ọ fún ọ̀sẹ̀ kan, òun fẹ́ máa bọ̀ pátápátá ni. Èmi náà jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ìsọ̀ àti pákó. A wo ara wa, àgbà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti di ẹrù nítorí òwú kékeré, ẹ̀rín sì pa wá títí ẹ̀yìn mi fi tún bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà má ra ibùsùn náà mọ́, owó rẹ̀ gan-an ni mo ń bá bọ̀. Ìjà tuntun ti wọlé. Igun kẹta yẹn, àga kan ṣoṣo ló gbà, bí o bá sún díẹ̀ sápá kan, adùn orin á lọ, ìyá rẹ kò sì fẹ́ dìde fún mi. Mo ti wá ń kan bẹ́ǹṣì kan tó máa gba èèyàn méjì tí wọ́n bá fún ara wọn pọ̀. Igi wà nílẹ̀, fóòmù tí a máa jókòó lé àti aṣọ ìbora rẹ̀ ni kò sí. Fi owó rẹ̀ ránṣẹ́, kí o sì fi díẹ̀ lé e fún Wáyà, nítorí ó kọ̀, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, ó ní ẹ̀rín tí òun rín lẹ́yìnkùlé ti tó owó iṣẹ́. Jọ̀ọ́, awakọ̀ ni kí o fún, má fi í sórí fóònù. Ìgbà tó kọjá tí o ní owó ti wọlé sórí fóònù mi, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, bátìrì nìkan ni mo bá níbẹ̀, mo dé e padà bí mo ṣe bá a.

Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni mò ń kà á jẹ́jẹ́ sí ara mi, ìyá rẹ sì ti ìdáná gbọ́, ó ní kí n pa ibi tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ ìdérí ìgò rẹ́. Mi ò ní pa á rẹ́. Ó tún ní kí n sọ fún ọ pé òun ń kí ọ, kí o máa sùn tó, kí o má máa jẹ búrẹ́dì lásán.

Kí iṣẹ́ rẹ gbé ọ, kí ara rẹ tù ọ́, kí ìròyìn rere máa ti ọ̀dọ̀ rẹ wá bá wa. Kí Ọlọ́run sì fún ọ lẹ́ni tí yóò jókòó tì ọ́ níbi tí orin ti dùn jù, kí ẹ fún ara yín pọ̀ níbẹ̀, kí àyè má sì há mọ́ yín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Káfíńtà